Oúnjẹ alẹ́ Íńdíà fún àwọn ará ilé: kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sè, báwo ni kó ṣe pè wọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjà Kẹta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ pe àwọn tí a jọ ń gbé ilé wá jẹun alẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù tó ń bọ̀. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n, èmi ni ìkeje. Kíkí lórí àtẹ̀gùn nìkan ló pa wá pọ̀ títí di ìsinsìnyí. Oúnjẹ Íńdíà ni ọkàn mi lọ sí. Sítóòfù olójú méjì ni mo ní, pẹ̀lú ìkòkò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi lítà mẹ́ta, àti páànù ìdíndìn kan. Mi ò ní pressure cooker. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sè, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó, báwo ni mo ṣe máa pè wọ́n tí kò fi ní jọ pé mo ń wá nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ló sì sábà máa ń bàjẹ́ níbi irú èyí?

Ìyá Ìdáná

Àbúrò, ojú iná méjì tó o. Nǹkan mẹ́rin ni kó o sè, má jẹ̀ẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ: dal, chana masala (chickpeas nínú ọbẹ̀ tòmátì), ìrẹsì basmati àti raita (yógọ́ọ̀tì tí a po mọ́ kùkúmbà). Ohun tó jẹ́ kí n mú mẹ́rin yìí ni pé wọn ò ní dè ọ́ mọ́ ìdí iná. Chana ṣeé sè láàárọ̀, ó tiẹ̀ máa ń dùn sí i tó bá ti jókòó fún wákàtí mélòó kan kí ata àti iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Dal kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Raita kò mọ iná rárá. Ìrẹsì nìkan ló yẹ kó jẹ́ tuntun. Nígbà tí wọ́n bá fi kan ilẹ̀kùn, wàá ti lè jókòó tì wọ́n. Ẹni tó bá bá ọ nídìí iná tí òógùn ń yọ lójú rẹ, tó sì rí ẹ̀yìn rẹ nìkan títí tó fi lọ, kò ní mọ̀ ọ́ ju bó ṣe mọ̀ ọ́ lórí àtẹ̀gùn lọ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹran kúrò níbẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́fà, a lè rí ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá, ẹni tí kì í jẹ màlúù, ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àti ẹni tó jẹ́ pé ẹran tí a pa nílànà ẹ̀sìn rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Bí gbogbo wọn bá lè bù nínú ìkòkò kan náà, kò sí ẹni tó máa dá jókòó ti àwo tirẹ̀ bí aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká mú dal. Orúkọ yìí ni wọ́n ń pe ẹ̀wà tí a bó tí a sì là sí méjì, òun náà ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ rẹ̀. Ra masoor dal, èyí tó pọ́n bí ọsàn nígbà tó bá wà ní gbígbẹ. Kò nílò rírẹ. Ife 2, ìyẹn bíi gíráàmù 400, tó èèyàn méje. Ṣà á, ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Gbé e kaná pẹ̀lú ife omi 7 àti ajó lílọ̀, ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní haldi, ṣíbí tíì 1. Bó bá ti hó, ìfófó máa gba ojú rẹ̀. Bù ú dànù, má sì dé e pa, torí ìfófó yẹn ló máa ń kún dà sórí iná. Dín iná kù, fún un ní ìṣẹ́jú 20 sí 25 títí tó fi yọ́. Fi iyọ̀ ṣíbí tíì 2 sí i, kó o tọ́ ọ wò kó o tó fi kún un.

Tadka, ìyẹn èròjà olóòórùn tí a dín nínú òróró gbígbóná, ló máa sọ ọ́ di ọbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó jẹun ni kó o ṣe é. Gbé ghee (bọ́tà tí a yọ́ tí a sì sẹ́) tàbí òróró ṣíbí ìjẹun 3 kaná nínú páànù. Jeera, ìyẹn kúmínì, ṣíbí tíì 1½ ni kó o kọ́kọ́ dà sí i. Bó bá ti ń ta yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́, tí òórùn rẹ̀ jáde, ju ọmọ aáyù 5 tó o gé wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú ata gbígbẹ 2. Má gbójú kúrò níbẹ̀. Bí aáyù bá ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ létí, dà á sórí dal kíá, torí òróró gbígbóná ṣì ń dín in lọ lẹ́yìn tó o ti pa iná. Aáyù tó bá ti dúdú korò, kikorò rẹ̀ yóò sì wọ gbogbo ìkòkò. Bó bá ṣẹlẹ̀, da tadka yẹn nù kó o dín òmíràn; má fi dal rẹ tán an wò.

Dal máa ń ki bó bá ń tutù. Fi omi gbígbóná ife kan sí ẹ̀gbẹ́ láti fi tú u.

Alábàágbé

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìdáná. Ẹ jẹ́ kí n gba apá ìpè.

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni kí ẹ pè wọ́n. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gbàgbé. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ìwọ̀nba ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ nìkan ni ẹ máa rí. Ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ sì wò ó bóyá oṣù ààwẹ̀ ni. Bí Mùsùlùmí bá wà nínú ilé, tí ó sì jẹ́ oṣù Ramadan, ẹ fi àkókò oúnjẹ sí ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹ sì bi í léèrè bóyá ó máa ń jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹ kan ilẹ̀kùn fúnra yín, kí ẹ sì mú ìwé kékeré dání. Ìwé nìkan lábẹ́ ilẹ̀kùn dà bí ìkéde onílé. Ẹnu nìkan sì máa ń jẹ́ kí ẹni tí ojú ń tì yára sọ pé rárá kó lè bọ́ níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, ẹ fi ìwé lé e lọ́wọ́, ẹ máa lọ. Kí ìwé náà dà báyìí:

“Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mò ń gbé yàrá òkè lápá òsì. Mò ń se oúnjẹ Íńdíà fún gbogbo ará ilé ní Sátidé, láti aago 6:30 sí aago 9:00 alẹ́. Kò sí ẹran nínú rẹ̀, ata rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ohun kan bá wà tí ara yín kọ̀ tàbí tí ẹ kì í jẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí kí ẹ fi há ilẹ̀kùn mi kí ó tó di ọjọ́rú. Ara yín nìkan ni kí ẹ mú wá.”

Ẹ kíyè sí aago tó máa parí. Àwọn tí kò mọ̀ yín dáadáa ń bẹ̀rù pé àwọn kò ní mọ ìgbà tó yẹ káwọn dìde. Ẹ fún wọn ní aago, ọkàn wọn á balẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì jókòó kọjá rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ tún wo ìbéèrè ẹ̀yìn ìwé yẹn: kíkọ ìdáhùn rọrùn ju kí èèyàn máa ṣàlàyé àìsàn ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹnì kan bá tẹnu mọ́ ọn pé kí lòun máa mú wá, ẹ má sọ pé kò sí. Ẹ fún un ní ohun kan pàtó: àga méjì, àwo mẹ́rin, yìnyín, èso. Àwo tí ẹ yá lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ tún kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì láti dá a padà.

Ilẹ̀kùn Mẹ́rin

Èmi ò gbà pé kéèyàn pe mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì tí ògiri wọn kan tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ pè. Níbi tí èèyàn méje bá ti jókòó, àwọn mẹ́ta tó mọ̀rọ̀ sọ ló máa gba ilẹ̀ náà, ẹni tí ojú ń tì á jẹun tán, á sì sá lọ.

Alábàágbé

Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí a pè ló ń wá, bí a bá sì pe méjì tí ọ̀kan kò wá, ó di èèyàn méjì tó ń wo ara wọn lójú. Bí ilé bá tóbi ju èyí lọ, màá bá yín lọ. Fún ilé èèyàn méje, pípe àwọn kan kí á sì fo àwọn kan máa ń dá àárẹ̀ ọkàn sílẹ̀, torí gbogbo wọn ló máa gbọ́ òórùn jeera.

Ṣíbí Tíì

Chana masala nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí òun ló máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú.

Chickpeas gbígbẹ gíráàmù 500 ni kí ẹ rẹ sínú omi púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wákàtí 8 sí 12. Ó máa wú ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ da omi ìrẹ nù. Ẹ sè é nínú omi tuntun pẹ̀lú baking soda ṣíbí tíì ¼ àti iyọ̀ ṣíbí tíì 1, láti wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ ọ̀kan: bó bá fọ́ láìjà, ó ti jinná. Bí ẹ bá fẹ́ ti inú agolo, agolo 5 onígíráàmù 400 ló dọ́gba pẹ̀lú èyí, torí nǹkan bíi gíráàmù 240 ló ń kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá ti sẹ́ omi rẹ̀.

Chana tó kọ̀ láti rọ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù lórí àtẹ, tàbí kí omi ibẹ̀ jẹ́ omi líle, tàbí kí ẹ ti da tòmátì sí i kó tó jinná. Kíkan tó wà nínú tòmátì kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà rọ̀, bí ẹ tiẹ̀ sè é títí ilẹ̀ ṣú. Ẹ jẹ́ kó jinná pátápátá ná.

Fún ọbẹ̀ rẹ̀: òróró ṣíbí ìjẹun 5, jeera ṣíbí tíì 2, àlùbọ́sà ńlá 3 tí a rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ fún àlùbọ́sà ní ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán lórí iná tí kò le, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí oyin. Níbí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àlùbọ́sà tó ṣì funfun máa fún yín ní ọbẹ̀ tó dùn lọ́nà tí kò yẹ, tó sì ń já lẹ́nu. Èyí tí a fi iná ńlá jó létí máa korò. Bó bá fẹ́ gbẹ, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ata ilẹ̀ àti aáyù tí a jọ gún, ṣíbí ìjẹun 2, fún ìṣẹ́jú 2.

Ẹ wá po àwọn ata lílọ̀ mọ́ omi díẹ̀ nínú ife kí ẹ tó dà wọ́n sí i: koríáńdà lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 1½, jeera lílọ̀ ṣíbí tíì 2, ajó ṣíbí tíì ½, ata Kashmiri ṣíbí tíì 1½. Àwọ̀ ni ata Kashmiri fi ń ṣe bẹbẹ, títa rẹ̀ kò pọ̀. Ata lílọ̀ mìíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ṣíbí tíì. Omi yẹn ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ jíjóná, torí ohun lílọ̀ kì í pẹ́ jó nínú òróró gbígbóná. Ẹ da tòmátì lílọ̀ gíráàmù 500 sí i. Ẹ sè é títí òróró yóò fi yọ sétí ìkòkò, tí ọbẹ̀ náà á sì máa ki mọ́ ṣíbí. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí òróró kò bá tíì yọ, tòmátì ṣì tutù nínú, ẹ ó sì gbọ́ títútù yẹn lẹ́nu.

Ẹ da chana sí i pẹ̀lú ife 2 nínú omi tí a fi sè é, ẹ fi ṣíbí tẹ bíi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ fọ́ kí ọbẹ̀ lè ki, ìṣẹ́jú 20 lórí iná kékeré. Garam masala (àpòpọ̀ èròjà olóòórùn lílọ̀) ṣíbí tíì 1½ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Bí ẹ bá ní kasuri methi, ìyẹn ewé fenugreek gbígbẹ, ẹ fi ọwọ́ rún ẹ̀kún ọwọ́ díẹ̀ sí i. Láàárọ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo èyí. Kí ó wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2, kí ó sì hó dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i kí àlejò tó dé.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ bá rò ó pé rajma, ẹ̀wà pupa ńlá yẹn, ni ẹ máa fi rọ́pò chana, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì jẹ́ kó hó gidigidi fún ìṣẹ́jú 10 gbáko kí ẹ tó dín iná kù. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí iná kékeré kì í pa, ó sì ń fa èébì líle. Ìkòkò iná mànàmáná tó ń rọra se nǹkan kì í gbóná tó fún un.

Basmati Gígùn

Ìrẹsì: ife 3 fún èèyàn méje. Ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́, torí basmati ń ṣẹ́. Rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, kó o sì sẹ́ omi rẹ̀ gbẹ. Ife omi 4½ àti iyọ̀ ṣíbí tíì 1½ ni kó o fi sè é. Jẹ́ kó hó, dé e pa, iná tó kéré jù lọ, ìṣẹ́jú 12. Pa iná, má ṣí i fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Lẹ́yìn náà, fi fọ́ọ̀kì tú u láti etí wá sáàárín. Ṣíṣí i wò léraléra ló ń jẹ́ kí òkè rẹ̀ le, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di ẹ̀kọ: ooru inú ìkòkò ló ń se èyí tó wà lókè, o sì ń tú u dànù. Bí ìdérí rẹ kò bá dé dáadáa, fi aṣọ mímọ́ dì í lábẹ́, kó o ká etí aṣọ náà sókè kí iná má bàa mú un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjà Kẹta

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà, orí sítóòfù mi gan-an ló wà. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé òun kì í jẹ àlùbọ́sà àti aáyù. Ẹlòmíràn sì ní àfi kí adìyẹ wà níbẹ̀.

Ìyá Ìdáná

Èéfín ná: tadka àti ata gbígbẹ ló máa ń fà á, ata yẹn sì máa ń mú gbogbo ilé húkọ́. Ṣí fèrèsé kó o tó tan iná, ti ilẹ̀kùn tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, má sì jẹ́ kí òróró rú èéfín kó o tó da jeera sí i. Má fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ yẹn, má yọ bátìrì rẹ̀. Bí òróró bá gbiná, pa sítóòfù, fi ìdérí bò ó pa, má gbé páànù náà rìn. Omi kò gbọdọ̀ kàn án.

Ti ẹni tí kì í jẹ àlùbọ́sà: ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn kan ní Íńdíà, ni kì í jẹ ẹ́, àti aáyù, wọ́n sì tún ń yẹra fún ọ̀dùnkún àti ohun mìíràn tó ń ta sábẹ́ ilẹ̀. Àwọn Híńdù kan náà kì í jẹ àlùbọ́sà àti aáyù. Bi í léèrè bóyá ata ilẹ̀ àti ajó tútù náà wà nínú rẹ̀. Dal rọrùn fún èyí: yọ aáyù kúrò nínú tadka gbogbo ìkòkò, kó o fi hing (oje gbòǹgbò ewéko kan tí a gbẹ tí a sì lọ̀) bíi ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì rọ́pò rẹ̀. Òórùn rẹ̀ nínú ìdì le púpọ̀, ṣùgbọ́n òróró gbígbóná a máa sọ ọ́ di ohun tó jọ àlùbọ́sà díndín. Ka ara ìdì hing o, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n po mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, èyí tí kò bá ẹni tí ara rẹ̀ kọ àlìkámà mu. Dal, ìrẹsì àti raita á wá di ti gbogbo yín. Chana nìkan ni kò ní jẹ.

Ṣíbí Tíì

Lórí adìyẹ, èmi á ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Bí ó bá di dandan, itan adìyẹ aláìléegun kílò 1, yógọ́ọ̀tì gíráàmù 150, iyọ̀, ata ilẹ̀, aáyù àti garam masala, kó sùn nínú fíríìjì láti alẹ́. Ẹ yan án nínú páànù títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dé 74°C. Ṣíbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò mìíràn, yógọ́ọ̀tì tó kù nínú abọ́ náà sì gbọ́dọ̀ di dídànù. Ẹ bi àwọn tó ń jẹ halal kí ẹ tó ra ẹran, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sórí bébà, ẹ gbé e síwájú ìkòkò rẹ̀. Ghee àti raita ní wàrà. Músítádì, kaṣú àti ẹ̀pà wà lára ohun tí ara àwọn kan kọ̀ gidigidi. Ẹ má da ìdì èròjà nù títí gbogbo èèyàn yóò fi lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Ọ̀pá Chapati

Ẹ ti gbàgbé chapati, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ti Íńdíà, òun gan-an sì ni mo fẹ́ràn jù fún irú alẹ́ yìí. Àbúrò, pò ó sílẹ̀, má yan án. Jẹ́ kí àwọn àlejò fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́ ló máa ń le nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun kò ní máa ronú ohun tó máa sọ; ọ̀rọ̀ á wá fúnra rẹ̀, bó bá ṣe lórí chapati tó wọ́ bí etí erin ló bẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn.

Ìyẹ̀fun atta (odidi àlìkámà tí a lọ̀) gíráàmù 400, iyọ̀ ṣíbí tíì ½, òróró ṣíbí ìjẹun 1, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi mílílítà 250. Da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà funfun kì í mu omi tó èyí. Pò ó fún ìṣẹ́jú 8, fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú 30. Èyí tí kò sinmi máa ń sún kì padà lábẹ́ ọ̀pá. Gé e sí 14. Ìgò tó mọ́ tó sì gùn lè rọ́pò ọ̀pá. Tẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí etí rẹ̀ àti àárín rẹ̀ dọ́gba.

Páànù gbígbẹ tó gbóná dáadáa. Yí i bí ìléròrò kéékèèké bá ti yọ, bíi ìṣẹ́jú àáyá 30. Jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí iná bíi ìṣẹ́jú àáyá 45. Tún yí i, kó o fi aṣọ tí a ká tẹ etí rẹ̀ pẹ̀lẹ́, á wú. Bí kò bá wú, yálà etí rẹ̀ ki ju àárín lọ, tàbí ó ní ihò, tàbí ìyẹ̀fun gbígbẹ ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Èyí tó bá le bí páálí, páànù tí kò gbóná ló fà á, torí ó pẹ́ jù níbẹ̀, omi ara rẹ̀ sì gbẹ tán. Máa dì wọ́n sínú aṣọ bí wọ́n ti ń jáde. Ẹnì kan ni kó wà nídìí iná, méjì kí wọ́n máa tẹ́ ẹ, àwọn tó kù kí wọ́n já ewé koríáńdà kí wọ́n sì gé ọsàn wẹ́wẹ́.

Alábàágbé

Mo gba èyí tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ fi kún un pé kí olùgbàlejò pe orúkọ àti yàrá ẹni tó ń wọlé fún àwọn tó ti wà níbẹ̀, lójoojúmọ́ ni èèyàn ń rí ojú tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́, ẹ béèrè nípa ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù: ọjọ́ wo ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí, ẹ̀rọ ìfọṣọ wo ló ń já aṣọ, ta ni wọ́n ń pè bí omi bá ń jò. Gbogbo ará ilé ló ní nǹkan sọ sí i, kò sì sí ẹni tó máa rò pé ẹ ń tọ ìdí òun.

Ní Íńdíà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun. Ẹ fi hàn wọ́n ibi tí wọ́n ti lè fọwọ́, ẹ sì to ṣíbí síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ajó lórí aṣọ funfun àti àwo rọ́bà. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sá aṣọ sí oòrùn, oòrùn máa ń mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá.

Ìyá Ìdáná

Raita kí n tó gbàgbé. Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà gíráàmù 500, kùkúmbà 1 tí a rin tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, jeera tí a yan gbẹ tí a lọ̀ ṣíbí tíì 1. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun ni kó o tó fi iyọ̀ ṣíbí tíì ½ sí i, torí iyọ̀ ń fa omi jáde lára kùkúmbà. Gbé e sáàárín tábìlì. Ẹni tí ata bá ta, raita ni kó gbé fún un, omi kò ràn án: capsaicin tó ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi, casein, èròjà purotéènì inú wàrà, ló ń gbá a kúrò lẹ́nu.

Bí chana bá ta jù nínú ìkòkò, yógọ́ọ̀tì tí a lù dáadáa tàbí wàrà àgbọn ni kó o fi tún un ṣe. Dín iná kù kí yógọ́ọ̀tì má bàa já. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ohun tí kò ní iyọ̀ ni kó o fi kún un, chana mìíràn tàbí tòmátì. Ọ̀dùnkún tí àwọn èèyàn ń jù sínú ọbẹ̀ kì í fa iyọ̀ jáde, omi ọbẹ̀ ló ń mu, iyọ̀ tó kù sì le bó ṣe wà. Bí ìsàlẹ̀ bá jó, má ha á. Bu òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn kíákíá.

Basmati Gígùn

Kí wọ́n tó dìde, se tíì. Omi mílílítà 800, ata ilẹ̀ tí a fọ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, kádámọ̀mù 6 tí a là. Kó hó fún ìṣẹ́jú 5 kí wàrà mílílítà 600 tó wọ ibẹ̀. Èròjà kan wà nínú ata ilẹ̀ tútù tó máa ń mú wàrà dì bí kò bá tíì hó. Ewé tíì dúdú ṣíbí ìjẹun 2, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 4, kí ó ru sókè lẹ́ẹ̀mejì, kó o sẹ́ ẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjà Kẹta

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin àgbà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Alábàágbé

Ẹ bù ú fún wọn kí wọ́n tó lọ, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Abọ́ tó ní ìdérí ni kí ẹ fi bù ú, kì í ṣe ọ̀rá, torí abọ́ á padà wá, ẹni tó ń dá abọ́ padà sì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò lè wá, ẹ gbé tirẹ̀ fún un lálẹ́ yẹn kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ pe ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn wá mu tíì yẹn nìkan, láìse oúnjẹ. Ilẹ̀kùn Mẹ́rin, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn yín ti wúlò jù.

Basmati Gígùn

Ìrẹsì nìkan ni kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni bó bá ti jókòó lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ. Irúgbìn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus kì í kú nínú sísè, bó bá sì ti mú májèlé jáde nínú ìrẹsì tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbígbé e gbóná lẹ́ẹ̀kejì kò ní lé e lọ. Ẹ yọ èyí tí ẹ fẹ́ pín sọ́tọ̀ bí ẹ bá ti ń bu oúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí àwo ńlá kó tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì. Ọjọ́ kejì ni kí wọ́n jẹ ẹ́ tán, kó sì gbóná títí ooru á fi máa rú lára rẹ̀. Dal àti chana lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì.